Bọ́sítọ́ọ̀pù Mẹ́ta Tó Gbẹ̀yìn

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìdúró. Mo mọ̀ pé iwájú dígí lẹ óò ti ka lẹ́tà yìí, pẹ̀lú òòyà lẹ́nu, kí oníbàárà kan sì jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun. Torí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má kà á sókè.

Ara wa le. Ìyàwó mi ní kí n kí yín. Orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dí mi lọ́wọ́ àtitẹ bíréèkì. Bọ́ọ̀sì Kẹrìnlá ni mo ṣì ń wà, láti àárín ìlú títí dé orí òkè àdúgbò wa, níbi tí títì ti tán tí èèyàn ò rí nǹkan kan mọ́ ju pápá àti ọgbà tí wọ́n ń to àlòkù mọ́tò sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kí ẹlòmíì tó sọ ọ́ fún yín. Wọ́n ti fi orúkọ mi sílẹ̀ fún ìdìbò káńsù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó. Kì í ṣe ohun tí ẹ ń rò.

Àgbàlagbà kan wà nílẹ̀ òkèèrè tí mo wà yìí, oníṣẹ́ iná tó ti fẹ̀yìn tì, Oníná là ń pè é. Òun ló ń darí ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lè wọ bọ́ọ̀sì mi kan ṣoṣo kí ìjókòó sì ṣẹ́kù. Ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ òun ní orúkọ kan nínú wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Wọ́ọ̀dù wa nìkan ni kò rí ẹni fi sí, torí pé láti ọdún méjìlélógún, kánsẹ́lọ̀ kan náà ló wà lórí àga. Ilé ni ọkùnrin náà ń tà. Ó tún máa ń gbin òdòdó sí oríta tó wà nítòsí ilé rẹ̀, á dúró ti òdòdó náà, á ya fọ́tò. Kánsẹ́lọ̀ Olódòdó là ń pè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Oníná wọ bọ́ọ̀sì mi, ó na ìwé kan sí mi. Ó ní, "Dírẹ́bà, bá mi fọwọ́ sí ibí yìí." Mo ní kí ni màá wá ṣe? Ó ní, "O ò ní ṣe nǹkan kan. Orúkọ lásán la nílò. Wàá fìdí rẹmi wọ́ọ́rọ́wọ́, wàá sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ." Iná títì ti yí sí àwọ̀ ewé, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn mi ń fun fèrè. Mo fọwọ́ sí i kí n lè ráyè lọ.

Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún ni ìdìbò. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì rẹ̀, gbogbo ayé á ti gbàgbé.

Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ẹ sì tètè fèsì o, torí mo ṣì ń retí èsì lẹ́tà mi ti oṣù Kọkànlá. Ojú yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti ń lo gíláàsì tí dókítà ní kí ẹ lò, àbí ọwọ́ lẹ fi ń wá irun àwọn èèyàn kiri lórí wọn?

Èmi ni, àbúrò yín tó mọ̀ pé ẹ ti ń kà á sókè.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Ìwọ Má-sọ-fún-wọn,

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni lẹ́tà rẹ dé, ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù máa ń kún jù. Mi ò kà á sókè. Mo kàn dé ìlà kan ni, ariwo bọ́ lẹ́nu mi, ẹni tí mo ń di irun rẹ̀ sì ní kí ló dé, ṣé kò sí o? Ṣé kí n wá máa parọ́ fún ẹni tó ti ń jókòó níwájú mi láti ọdún mẹ́rìndínlógún ni? Òun nìkan ni mo sọ fún. Àwọn mẹ́fà tó kù, etí ara wọn ni wọ́n fi gbọ́ ọ.

Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán ládùúgbò, orúkọ mi ti di Ẹ̀gbọ́n Ìjọba.

Jẹ́ kí n kí ọ dáadáa kí o má baà ní mi ò níwà. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Orúnkún rẹ, máa fi òróró tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ra á láàárọ̀. Ojú mi ò ṣe nǹkan kan. Gíláàsì wà nínú dúrọ́ọ̀, ó ń sinmi. Lẹ́tà oṣù Kọkànlá, mo ti fèsì rẹ̀. Mi ò kàn tíì fi ránṣẹ́ ni. Òun àti gíláàsì jọ wà nínú dúrọ́ọ̀ náà ni.

Ó wá ku ohun tó dùn mí. O ní o fẹ́ fìdí rẹmi wọ́ọ́rọ́wọ́. Níbo lo ti kọ́ irú ìyẹn? Nígbà tí màmá wa kú tí mo mú ọ sọ́dọ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́. Ọdún yẹn náà lẹ sáré ìje nílé ìwé. Bàtà rẹ já lójú ọ̀nà, o fi ẹsẹ̀ kan lásán sáré dé òpin, o ṣe ipò karùn-ún, o sì sunkún títí di ìrọ̀lẹ́ pé kì í ṣe ipò kìíní. Ọmọ yẹn dà? Ibo lo gbé e sí?

Gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe níbí. Ẹni tó bá jókòó sórí àga mi, màá di orí rẹ̀ mú jẹ́jẹ́, màá ní, "Ibo ló ń dùn yín?" Orí ni mo ń bèèrè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi orí nìkan dá mi lóhùn. Ọ̀kan á ní ọkọ òun ni. Ọ̀kan á ní ó ti pé oṣù méjì tí omi ti yọ lẹ́nu ẹ̀rọ àwọn. Kánsẹ́lọ̀ tiwa níbí wá sí ṣọ́ọ̀bù yìí lẹ́ẹ̀kan péré, ó sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan kan. Irun ìyàwó rẹ̀ ni mo ń dì lọ́wọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fà á díẹ̀.

Torí náà, dá mi lóhùn. Ilé mélòó ló wà nínú wọ́ọ̀dù yín? Ta ni wọ́n máa ń gbọ́ tirẹ̀ níbẹ̀? Kí ló ń dùn wọ́n?

Oníbàárà mi kan tó ní ilé ìtẹ̀wé ti bá mi sọ fọ́tò rẹ di ńlá, mo ti lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Fọ́tò ìgbéyàwó rẹ ni, torí ibẹ̀ nìkan lo ti wọ kóòtù tó bójú mu. Sísọ́ọ̀sì ni mo fi gé ìyàwó rẹ kúrò. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà léjìká rẹ, torí náà kò kúrò tán.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fún ọ ní mọ́tò ìjọba, má gba dúdú o. Dúdú máa ń gba oòrùn sára.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fìdí rẹmi wọ́ọ́rọ́wọ́.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ariwo. Ìyàwó mi ti gbọ́ nípa sísọ́ọ̀sì. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé ìdáná. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èwo nínú ọwọ́ mi ló ṣẹ́kù?" Ẹ bá mi dá a lóhùn, torí ojoojúmọ́ ló ń bi mí.

Ẹ yọ fọ́tò yẹn kúrò. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín, mi ò pàṣẹ. Kò sí mọ́tò ìjọba kankan. Kánsẹ́lọ̀ tí kò bá ní ọkọ̀ tirẹ̀ níbí, bọ́ọ̀sì ló máa wọ̀ lọ sípàdé. Ohun tí wọ́n ń bójú tó kò ju kòtò ojú títì lọ, àti iná òpópónà, àti ọjọ́ tí wọ́n máa wá kó pàǹtírí, àti ẹjọ́ ẹni tó gé igi aládùúgbò rẹ̀ láìgba àṣẹ.

Ẹ bèèrè iye ilé. Ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún méjì. Gbogbo wọn ló jọra, ògiri kan náà, fèrèsé kan náà. Oṣù tí a kọ́kọ́ kó débí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Àwọn èèyàn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n kàn máa ń mi orí síra wọn láti inú ọgbà. Ṣọ́ọ̀bù márùn-ún ló wà, àti ilé ìkàwé kan tó ń ṣí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó tán.

Ta ni wọ́n máa ń gbọ́ tirẹ̀? Kò sí. Bóyá Ìyá Alágbọ̀n. Ìyá àgbà kan ni, ilé ẹjọ́ ló ti ṣe atẹ̀wé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kì í gbé báàgì, agbọ̀n aláwọ̀ búlúù kan ló máa ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì mi lọ sílé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tó bá ń lọ láàárọ̀, á bá gbogbo bọ́ọ̀sì wí bí ọmọ ilé ìwé: "Ìwọ, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lójú ọ̀nà!" Tó bá ń bọ̀ lọ́sàn-án, kò ní lè gbé agbọ̀n náà mọ́. Èmi ni mo máa ń bá a gbé e sọ̀kalẹ̀.

Kí ló ń dùn wọ́n? Mi ò fẹ́ kọ eléyìí rárá. Káńsù fẹ́ gé ọ̀nà Bọ́ọ̀sì Kẹrìnlá kúrú. Láti oṣù Keje, oríta ilé ìwé ni màá ti máa yí padà. Bọ́sítọ́ọ̀pù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, àwọn tó wà lórí òkè, wọ́n máa hú òpó wọn. Kánsẹ́lọ̀ Olódòdó sọ nínú ìwé ìròyìn pé kò sẹ́ni tó ń wọkọ̀ níbẹ̀ mọ́, pé atẹ́gùn lásán ni bọ́ọ̀sì ń gbé gòkè. Èmi tí mò ń gbé atẹ́gùn ọ̀hún, mò ń rí wọn láràárọ̀. Ọjọ́ tí wọn ò bá pọ̀, mọ́kàndínlógójì ni wọ́n. Láti oríta ilé ìwé dé ilé Ìyá Alágbọ̀n, ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ni ẹni tí ara rẹ̀ le máa fi rìn ín, gbogbo ẹ̀ sì ni ìgòkè.

Ṣùgbọ́n dírẹ́bà ni mí. Ìwé iṣẹ́ wa sọ pé a ò gbọdọ̀ bá èrò sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà ọkọ̀. Ẹ mọ̀ pé mi ò fẹ́ wàhálà.

Àbúrò yín, tó ń wa bọ́ọ̀sì jẹ́jẹ́.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹrin

Àbúrò mi,

Ọwọ́ òsì ni. Sọ fún ìyàwó rẹ pé òrùka rẹ̀ hàn kedere, àwọn èèyàn ń yìn ín.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. Nígbà kejì, mo mú gíláàsì jáde nínú dúrọ́ọ̀, torí mo rò pé ojú ló ń tàn mí. Ìwọ lò ń rí èrò. Ìwọ lò ń gbé agbọ̀n. Ẹni tí kì í wọ bọ́ọ̀sì wá sọ pé kò sí èrò, ìwọ sì ní ìwé iṣẹ́ ní kí o panu mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ò fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ kankan.

Mo ti kọ lẹ́tà sí Ìyá Alágbọ̀n, òun ló wà nínú àpò ìwé yìí pẹ̀lú tìrẹ. Tú u sí èdè ibẹ̀ kí o fi lé e lọ́wọ́. Má yọ nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.

Sí Ìyá Alágbọ̀n àti gbogbo ẹ̀yin èrò orí òkè,

Ẹ kú ìrìn o. Èmi ni ẹ̀gbọ́n dírẹ́bà yín, onídìrí ni mí. Èmi ni mo tọ́ ọ, torí náà bó bá ti ṣẹ̀ yín rí, ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ gbé ẹjọ́ wá.

Ó ń du ipò kánsẹ́lọ̀ lọ́dọ̀ yín, kò sì sọ fún yín. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó tọ̀ sórí ibùsùn títí tó fi pé ọmọ ọdún méje, gbogbo ìgbà ló sì máa ń sọ pé òjò ló jò wọlé. Ó máa ń hanrun. Kò mọ orin kọ, ẹ má jẹ́ kó dán an wò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lójú ọ̀nà rí.

Bó bá jẹ́ ẹni tó rẹwà lẹ ń wá, fọ́tò rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, kò fi bẹ́ẹ̀ rẹwà. Bó bá jẹ́ ẹni tó mọ iye yín lẹ ń wá, òun nìyẹn. Ó ní mọ́kàndínlógójì ni yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ara yín, kí ẹ wò ó bóyá ó parọ́.


Ọjọ́ kìíní, oṣù Karùn-ún

Àbúrò mi,

Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Bí lẹ́tà mi kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, kọ̀wé kí o sọ fún mi pé kò dé. Bó bá dé tínú sì ń bí ọ, bínú sínú ìwé kí n rí i kà. Dídákẹ́ yìí ni mi ò mọ bí mo ṣe lè fèsì sí.

Mo ti yí fọ́tò rẹ kojú sí ògiri. Ó ń wò mí jù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wo ọ̀nà.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìsinmi. Èmi náà ń sinmi. Wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, lánàá ni ó sì bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà yín dé. Yàrá ìsinmi àwa dírẹ́bà ni mo ti kà á. Mo ká a, mo fi sápò kóòtù iṣẹ́ mi, mo sì pinnu pé kò ní kúrò níbẹ̀ láéláé. Àfi bí ìyàwó mi ṣe ní òun fẹ́ fọ kóòtù. Kò sọ nǹkan kan fún mi. Ó jókòó ti tábìlì, ó tú u sí èdè ibí láti òkè délẹ̀, ó gòkè lọ bá Ìyá Alágbọ̀n, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n wa ní kí ẹ tú u. Ẹ ò tú u. Mo bá yín tú u."

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ìyá Alágbọ̀n ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ajé tí mo gbé ọkọ̀ gòkè, lẹ́tà yín wà lára òpó bọ́sítọ́ọ̀pù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnì kan ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tí òjò ti jò wọlé.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wọkọ̀ ni ọkùnrin kan tí kò kí mi rí láti ọdún mẹ́fà. Ó gbójú sókè ọ̀run, ó ní, "Dírẹ́bà, ṣé òjò máa rọ̀ lónìí?" Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara wọn. Ẹni tó bá ti gbẹ́sẹ̀ wọlé á pariwo tirẹ̀: "Mẹ́tàdínlógún!" "Méjìdínlógún!" Àwọn tí kì í wo ojú ara wọn, wọ́n ti ń sún fún ara wọn lórí ìjókòó. Méjìlélógójì ni wọ́n lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá wa ránṣẹ́ pè mí. Lẹ́tà yín wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ibùsùn yìí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó ní, "Òpó ilé iṣẹ́ wa ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ìdìbò sì ni. Mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i." Ó wá kọ ọjọ́ mẹ́wàá.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wa bọ́ọ̀sì yìí. Kò sí ẹ̀sùn kankan nínú fáìlì mi. Mi ò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Tí mo bá wọ aṣọ iṣẹ́ mi, tí mo jókòó sórí àga yẹn, kò sí ẹni tó ń bi mí pé níbo ni mo ti wá. Ẹ ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi. Lẹ́tà ojú ìwé kan lẹ fi kàn án lábùkù, ẹ ò tilẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́.

Inú ń bí mi sí yín. Mi ò kọ irú ẹ̀ sí yín rí. Ẹ má fèsì. Tàbí kí ẹ fèsì. Mi ò mọ̀.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Karùn-ún

Àbúrò mi,

Orí ìdúró ni lẹ́tà rẹ bá mi. Mo jókòó. Mi ò di irun ẹnikẹ́ni mọ́ lọ́jọ́ náà, mo sọ fún wọn pé ọwọ́ ń ro mí.

Nígbà míì, tí mo bá ń kánjú, mo máa ń fa irun èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Oníbàárà á ní "yéè!", màá ní kó fara dà á, pé ó máa rẹwà. Ohun tí mo ṣe fún ọ gan-an nìyẹn. O sọ fún mi pé o ò fẹ́ wàhálà, mo di orí rẹ mú, mo ń fà.

Má bínú. Wo bí mo ṣe kọ ọ́ gàdàgbà. Bóyá mo ti sọ ọ́ fún ọ rí, mi ò rántí.

Ìdìbò ti kọjá báyìí. Mi ò ní bèèrè bó ṣe lọ. Ohun kan ṣoṣo ni kí o kọ́kọ́ sọ fún mi: ṣé wọ́n ti gbà ọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́? Mo ti yọ fọ́tò rẹ kúrò pátápátá. Àwọn èèyàn ń bèèrè ibi tí Ìjọba lọ, mo ní ó lọ sinmi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ń gbìyànjú láti dákẹ́.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn lẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́, ó sì ní ìyàwó òun ń bèèrè bóyá ẹ lè kọ irú lẹ́tà yẹn nípa òun.

Inú kò bí mi mọ́. Ẹ dákẹ́ kí n ròyìn.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n dá mi dúró, ìyàwó mi ní mo ti ń rìn yí tábìlì ká jù, kí n lọ rìn níta. Mo gba ojú ọ̀nà òkè. Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gun òkè yẹn lórí ìjókòó. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n tí mo sọ fún yín, irọ́ ni. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gbà mí, orúnkún mi sì ń ké. Mo jókòó sórí ògiri ọgbà ẹnì kan kí n lè mí. Ọkùnrin tó ni ọgbà náà jáde, mo rò pé ó fẹ́ lé mi ni. Omi ló gbé wá. Mi ò mọ ohun tí màá sọ, mo bá ní, "Ibo ló ń dùn yín?" Wákàtí kan gbáko ló fi dá mi lóhùn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilé dé ilé. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dìbò fún mi, ẹnu mi ò gbà á. Obìnrin kan mú mi lọ wo kòtò kan tó ti pẹ́ níwájú ilé rẹ̀ débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n sì ń ṣe ọjọ́ ìbí fún un. Bàbá kan ní iná òpópónà òun ń tàn lọ́sàn-án nìkan. Ọ̀pọ̀ wọn kò pè mí ní nǹkan kan ju "Òjò" lọ. "Òjò dé o! Ẹ ṣílẹ̀kùn fún Òjò!"

Ọ̀sán ọjọ́ kejìdínlógún, wọ́n ka ìbò tán nílé ìwé. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mo ń mu tíì níbi tí a ti ń yí padà. Oníná pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Dírẹ́bà, ìṣòro ti dé. O wọlé."

Ìbò mọ́kànlá ni mo fi ju Kánsẹ́lọ̀ Olódòdó lọ. Ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Kò bínú tó bí mo ṣe rò. Ó kàn ní kí n jọ̀ọ́, kí n máa bá òun bomi rin òdòdó oríta.

Ẹ dúró o, ẹ má tíì pariwo. Ìpàdé káńsù àkọ́kọ́ tí mo jókòó sí, Ọjọ́rú tó kọjá ni, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì sì wà nínú ìwé ìpàdé. Mo wọ kóòtù ìgbéyàwó mi. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ojú ìwé mẹ́ta. Bí a ṣe dé orí ọ̀rọ̀ náà ni akọ̀wé káńsù dìde, ó ní, "Kánsẹ́lọ̀ tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì lẹ ti ń jẹun. Òfin ní ẹ ò lè sọ̀rọ̀ lórí eléyìí, ẹ ò sì lè dìbò. Ẹ gbọ́dọ̀ jáde síta."

Mo jáde. Gbogbo làálàá yẹn, Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bá ara mi, èmi àti ẹ̀rọ omi tútù, pẹ̀lú ojú ìwé mẹ́ta lọ́wọ́. Ojú tì mí. Mo gbé etí lé ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí alága ní, "Ṣé ẹnì kankan nínú àwọn ará àdúgbò fẹ́ sọ̀rọ̀?"

Mo gbọ́ tí àga kan dún. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Alágbọ̀n. Ilé ìwòsàn ló ti ń bọ̀ tààrà, báńdéèjì ṣì wà lápá rẹ̀ nígbà tí mo rí i lẹ́yìn náà, irú ọjọ́ tí kì í lè gbé agbọ̀n. Ó ní, "Ọ̀kan." Ó jókòó.

Ẹlòmíì dìde, ó ní, "Méjì."

"Mẹ́ta."

Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo ń mọ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo ń mọ bọ́sítọ́ọ̀pù tí oníkálukú ti máa ń wọkọ̀. Ẹni tó ni kòtò ni mẹ́rìnlélógún. Ẹni tó fún mi lómi ni mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n dé mẹ́rìnlélógójì, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n dìbò, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní kí n wọlé.

Mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ. Bọ́sítọ́ọ̀pù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró fún ọdún kan sí i, wọ́n á tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìyẹn. Ìbò tèmi ò sí nínú ẹ̀.

Bọ́ọ̀sì Kẹrìnlá náà la wọ̀ padà, dírẹ́bà mìíràn ló ń wà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jókòó sẹ́yìn. Ìyá Alágbọ̀n ní kí n bá òun gbé agbọ̀n òun lé ẹsẹ̀. Ó ní, "Kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ. Sọ fún un pé a ti ka ara wa, irọ́ lo pa."

Àbúrò yín, kánsẹ́lọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje

Kánsẹ́lọ̀ wa,

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ kú ìgòkè, ẹ kú ìdúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rí lẹ́tà yín gbà, mo sì kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò tọrọ àforíjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ kòtò. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti gbé etí lé ilẹ̀kùn, ẹni tí mo ń di irun rẹ̀ ní kí n jọ̀ọ́ dúró ná, òun fẹ́ nu ojú. Mo dúró dè é. Èmi náà nu tèmi.

Ẹ wo ìwé yìí dáadáa lábẹ́ iná. Ẹ óò rí i pé mo kọ́kọ́ kọ "o" sí àwọn ibì kan, mo pa á rẹ́, mo fi "ẹ" rọ́pò rẹ̀, títí ìwé fi fẹ́ ya. Mo mọ̀ pé mo fi ọdún méjìdínlógún jù yín lọ. Mo mọ̀ pé èmi ni mo ń wẹ̀ fún yín ní kékeré. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Ó kàn wù mí kí n bọ̀wọ̀ fún yín lẹ́ẹ̀kan, nínú ìwé, níbi tí kò ti ní parẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kan náà nìyẹn. Ó ti tán.

Ìwọ, nígbà wo lò ń bọ̀ nílé?

Ẹ̀gbọ́n rẹ.